Ọ̀rá Ara àti Ààwẹ̀ Onígbàgbọ́

Ọ̀rá tó wà lára ló ń gbé aláàwẹ̀ ró. Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ yìí kan àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà gidigidi, níbi tí ìsọjí Òkè-Oòyè, Iléṣà, ní 1930 ti sọ orúkọ Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá di ńlá. Láti oríta Ìwárajà, àwọn onígbàgbọ́ kan ń gba ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ sí Ìkéjì-Arákejì, níbi tí ìjọ Christ Apostolic Church (CAC) gbà pé Ọlọ́run ti pe wòlíì náà ní 1928. Àwọn mìíràn ń yà sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, níbi tí wọ́n sin ín sí.

Bí aláàwẹ̀ kò bá jẹun, ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ fi pamọ́ ń tán láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan. Ínsúlínì, èròjà tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, á lọ sílẹ̀, àwọn ẹ́ńsáìmù kan á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rá. Àwọn ẹ́ńsáìmù mìíràn á máa gé ọ̀rá náà ní kábọ́nù méjì-méjì, bí Franz Knoop ará Jámánì ti fi hàn ní 1904. Ẹ̀dọ̀ á sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di kítónì, èyí tí ọpọlọ ń lò nígbà tí ṣúgà bá wọ́n.

Ṣé ẹni tí ọ̀rá gbé ró tún lè sọ pé Ọlọ́run ló gbé òun ró? Ó lè sọ ọ́. Ẹni tí ìyàn mú àti ẹni tó ń gbààwẹ̀ lórí òkè àdúrà, iṣẹ́ kan náà ni ẹ̀dọ̀ wọn ń ṣe. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ìdí tí ẹnì kan fi yọwọ́ nínú oúnjẹ tó wà níwájú rẹ̀, ìyẹn kò sì sí nínú ẹ́ńsáìmù kankan.

Àmọ́ ara kò dọ́gba. Wọ́n ń bí àwọn ọmọ kan tí ẹ́ńsáìmù wọn kò lè gé ọ̀rá dáadáa: bí ibà bá mú wọn tí wọn kò jẹun mọ́jú, ṣúgà wọn á já wálẹ̀, wọ́n lè dákú, wọ́n sì lè kú. Nínú alátọ̀gbẹ tí kò ní ínsúlínì, kítónì á pọ̀ títí á fi sọ ẹ̀jẹ̀ di kíkan. Kùránì pàápàá, nínú Súrà kejì, yọ̀ǹda fún aláìsàn àti arìnrìn-àjò láti má gbààwẹ̀ nígbà náà. Bákan náà, ó yẹ kí olùṣọ́ àgùntàn béèrè nípa ìlera ọmọ ìjọ kó tó pàṣẹ ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìmu omi, torí ìwọ̀nba omi tó ń jáde lára ọ̀rá tó jó kò tó èyí tí ìtọ̀, òógùn àti èémí ń gbé lọ.