Ọmọ Ta Ni Wọ́n Tú Sí Ìhòòhò?

Ní Òkìtìpupa, mo fi àwòrán kan han ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí fóònù. Pierre-Paul Prud'hon, ará Faransé tó kú ní 1823, ló fi ṣọ́ọ̀kì dúdú àti funfun yà á sórí bébà búlúù: obìnrin kan dúró ní ìhòòhò. Ẹ̀gbọ́n mi gbójú kúrò. Ó ní, "Ọmọ ta nìyí? Ṣé wọ́n mọ̀ nílé wọn?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Kò bi mí bóyá àwòrán náà dáa. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló ń bèèrè.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká díbọ́n pé Yorùbá ò mọ ìhòòhò nínú iṣẹ́ ọnà. Ère ìbejì ńkọ́? Agbẹ́gilére a gbẹ́ ẹ tọmú tabẹ́, bí àgbàlagbà, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọwọ́ ló kú. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ á wẹ̀ ẹ́, á fi osùn pa á, á so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Ìhòòhò tó lólùtọ́jú nìyẹn.

Ní Paris, wọ́n ń sanwó fún ẹni tó bọ́ṣọ dúró. Àdéhùn ni, kì í ṣe olè. Síbẹ̀, títí di 1897, École des Beaux-Arts, ilé-ẹ̀kọ́ ọnà ìjọba, ò gba obìnrin láti kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n lè yà á, òun ò lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń yà níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ebi ló bọ́ aṣọ lára ẹni, ṣé a lè ní ó yọ̀ǹda tọkàntọkàn?

Ti àwọn kan tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Edmond Fortier, ará Faransé tó ń ṣòwò fọ́tò ní Dakar, ya àwọn ọmọbìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láìbo àyà, ó ń tà wọ́n bíi káàdì. Ọ̀pọ̀ wọn ò lórúkọ lórí rẹ̀. Lónìí, ọmọkùnrin tó ń pín fọ́tò ìhòòhò ọ̀rẹ́bìnrin àná kiri lórí WhatsApp, ọmọ iṣẹ́ kan náà ni.

Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ẹni tó ń lọ sódò tí wọ́n ti ń wẹ̀ á wúkọ́ kó tó yọ. Ikọ́ yẹn ń sọ pé: mo mọ̀ pé èèyàn lo jẹ́. Lójú tèmi, ìhòòhò kọ́ lẹ̀ṣẹ̀. Wíwò láìwúkọ́ ni. Kí a tó yin ọwọ́ tó yàwòrán, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bèèrè ọmọ ẹni tó dúró.