Ìpọ́njú Kì í Ṣe Ẹ̀rí Àìgbàgbọ́



Orúkọ àdúgbò wa yìí, Sùúrùlérè, rọrùn lẹ́nu. Ẹni tí ìṣòro dé bá ló mọ bí sùúrù ti nira tó. Bí ọkọ arábìnrin kan bá kú, tàbí tí ìsọ̀ rẹ̀ bá jóná, a máa ń sọ fún un pé kí ó ní sùúrù. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, a ó máa bi ara wa pé: kí ló ṣe? Ṣé ó ń gbàdúrà tó? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe, Ọlọ́run sì bá wọn wí.

Ẹ jẹ́ kí a wo Thomas Birch Freeman, ẹni tí ó mú iṣẹ́ ìránṣẹ́ Mẹ́tọ́díìsì wá sí ilẹ̀ wa. Ní oṣù kìíní ọdún 1838, òun àti ìyàwó rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Cape Coast, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí. Kí oṣù méjì tó pé, ìyàwó náà kú. Ó fẹ́ ẹlòmíràn; ní ọdún 1841, òun náà kú síbẹ̀. Síbẹ̀síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Kò dá wá: William de Graft àti ìyàwó rẹ̀ bá a wá. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejìlá, ó ti dé Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ta ni yóò sọ pé ìgbàgbọ́ Freeman kéré? Èrè sùúrù rẹ̀ kì í ṣe pé àwọn tó kú padà wá. Èrè náà ni pé ìbànújẹ́ kò gba iṣẹ́ Ọlọ́run lọ́wọ́ rẹ̀, àwa náà sì ń jẹ nínú rẹ̀ títí di òní.

Nítorí náà, gbígbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run kò ní kí a má sunkún. Jésù pàápàá sunkún nígbà tí Lásárù kú. Kí a sunkún, kí a nu omijé nù, kí a sì ṣe iṣẹ́ tó wà níwájú wa. Ọwọ́ kan kò sì gbé igbá dórí. Bí a bá tún ń lọ kí arábìnrin tó wà nínú ọ̀fọ̀, ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè sílé. Ẹ jẹ́ kí a gbé oúnjẹ dání, kí a bá a fọ aṣọ àwọn ọmọ, kí a sì jókòó tì í.

Kí Olúwa fún wa ní oore-ọ̀fẹ́ láti dúró, àti láti dúró ti ẹlòmíràn. Àmín.