Kí Oògùn Má Di Ogun Sí Ọ Lára

Mo dúró níwájú rẹ láàárọ̀ yìí, ìwọ tí apá ń fò láìjẹ́ pé o rán an níṣẹ́, ìwọ tí ẹsẹ̀ ń ta nígbà tí o kò lé ẹnikẹ́ni. Bí o bá jù mí lọ, má bínú pé mo ń pè ọ́ ní ìwọ. Orí kan ṣoṣo ni mo fẹ́ wúre fún, orí tìrẹ ni. Kí orí náà gbọ́, kí Ẹlẹ́dàá tó mọ ọ́n gbà á.

Ara rẹ ń ta. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á ta bí iṣu inú ebè. Ọjà tí o bá tẹ́ á tà, gbòǹgbò rẹ á ta, ìràwọ̀ rẹ á tàn, wàá ta ẹgbẹ́ rẹ yọ. Ẹsẹ̀ tó ń ta kò ní ta ọ́ dànù.

Afẹ́fẹ́ ń mi ọ̀pẹ, ọ̀pẹ ń so ẹyìn. Omi ń hó nínú ìkòkò, oúnjẹ ló ń jinná. Awọ gángan ń gbọ̀n, ohùn rẹ̀ ni ọba fi ń gbọ́ oríkì. Nínú ìgbọ̀nrìrì tìrẹ náà, ohùn iyì ni ayé yóò gbọ́.

Ta ni kì í ta tilẹ̀? Òsúkè tó ń ṣe ọmọ ọwọ́, tí ìyá rẹ̀ fi itọ́ rin fọ́nrán òwú lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí, ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ni. Bí gbogbo wa ṣe ń ta gìrì nígbà tí oorun bá fẹ́ gbé wa lọ, bí ẹni tó já sí kòtò, ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ni. Myoclonus ni àwọn dókítà ń pè é: iṣan á fún pọ̀, á sì tú sílẹ̀, kí o tó ṣẹ́jú. Kí ẹni tó bá fẹ́ fi ọ́ ṣẹ̀sín rántí òsúkè tirẹ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ pariwo wárápá, kí ó sì sá, jókòó tì ọ́. (Wárápá gan-an kì í ràn. Ta ló kọ́kọ́ purọ́ yẹn fún wa?)

Mo mọ ife tíì tí wọ́n gbé fún ọ nílé àna, tó ń lu àwo abẹ́ rẹ̀ kẹ̀kẹ̀kẹ̀ títí gbogbo ojú fi yí sí ọ. Mo mọ bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù tí ìka ń wá tí kò rí. Mo mọ ṣíbí ògì tó ti dé ẹnu tán kí apá tó fò. Kí Ọlọ́run fún ọ ní ẹni tí yóò bu ìdajì ife fún ọ láìsọ ìdí. Kí ó fún ọ ní ọmọ tí yóò bá ọ de bọ́tìnnì náà bí ẹni ń gbá ọ mọ́ra. Ní àwùjọ tí o ti ń fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ aṣọ, ọwọ́ náà ni wọn yóò fi fà ọ́ wá síwájú, ọwọ́ náà ni ìyàwó tuntun yóò kúnlẹ̀ fún kí o gbé e lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ oògùn ńkọ́? Ibẹ̀ ni n ó ti dúró pẹ́.

Oògùn tí o ń lò kí ara lè dá, kò ní di ogun sí ọ lára. Òógùn ojú rẹ kò ní bá owó oògùn lọ. Ogún ni yóò dà fún ọmọ rẹ.

Àwọn baba wa mọ asofẹ́yẹjẹ, igi tó ń so kí ẹyẹ lè jẹ. Egbò rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn fi ń rọ orí tó dàrú. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní reserpine wà nínú egbò yẹn. Ní 1957, Arvid Carlsson, ará Sweden, fi reserpine dán ehoro wò. Ehoro wó kalẹ̀, kò lè mira. Carlsson fún un ní oògùn L-dopa, ehoro dìde. Iṣẹ́ yẹn wà lára ohun tó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 2000. O ò rí i, ohun kan náà tó ń fi ọkàn balẹ̀ lè de ara mọ́lẹ̀. Haloperidol, oògùn mìíràn fún orí tó dàrú, tí wọ́n ṣe ní Belgium ní 1958, ti dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sáàárín ẹbí wọn, ó sì ti mú kí ẹnu àwọn mìíràn máa jẹ láìsí oúnjẹ. Metoclopramide tí a ń lò fún èébì náà lè ṣe bẹ́ẹ̀; ní 2009, Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó le jù lọ sára rẹ̀, pé kí ènìyàn yẹra fún lílò ó ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ. Orúkọ ìmira tí àwọn oògùn méjì yìí lè fà bẹ́ẹ̀ ni tardive dyskinesia, kì í ṣe myoclonus, ṣùgbọ́n ojú àwọn ará ọjà kò mọ ìyàtọ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ń wúre fún ẹnu rẹ. Wàá so, wàá sì sọ. Wàá so bí asofẹ́yẹjẹ, ẹyẹ ilé á jẹ, ẹyẹ oko á jẹ. Wàá sọ ohun tó ń ṣe ọ́, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, orúkọ gbogbo oògùn tí o ń lò, títí kan àgbo inú ìgò. Kí dókítà gbé ojú kúrò lórí ìwé, kí ó wo ọwọ́ rẹ. Kí nọ́ọ̀sì má sọ pé àṣejù ni. Kí o má sì fi ìbínú da oògùn nù lóru ọjọ́ kan. Àwọn kan wà, bíi clonazepam, tó jẹ́ pé bí a bá já wọn lójijì, gìrì ńlá lè tẹ̀lé e. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ. Kí igbà rẹ má já.

A kò ní fi ọ́ pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn. Ní 1954, dókítà Adéoyè Lambo ní kí àwọn tí orí ń dàrú fún máa gbé láàárín ará abúlé nítòsí Aró, ní Abẹ́òkúta, pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú níbẹ̀. Irú àwọn aládùúgbò bẹ́ẹ̀ ni kí Olódùmarè fi yí ọ ká: àwọn tí yóò kí ọ kí wọ́n tó wò ọ́.

Iná kò ní bá ọ nídìí ààrò. Ọ̀bẹ kò ní yọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Àtẹ̀gùn kò ní gbé ọ ṣubú. Ọmọ tí o gbé kò ní já bọ́.

Alẹ́ á sì lẹ́, wàá sùn. Bí ẹsẹ̀ bá tún ta, kí ẹni tó sùn tì ọ́ má jí. Bí ó bá sì jí, kí ó gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ lé e, kí ó padà sójú oorun.

Àṣẹ.