ÀWỌN ỌMỌ TÓ Ń ṢERÉ NÍ ÌGBORO JERÚSÁLẸ́MÙ

Bíbélì kíkà: Sekaráyà 8:1-8, 1 Tímótì 4:7-8

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lè ṣe àjèjì létí ẹlòmíràn nínú wa, ṣùgbọ́n inú Bíbélì ni mo ti rí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí ìwé wòlíì Sekaráyà, orí kẹjọ, kí ẹ fi ìka lé e bí a ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Àwọn tó ti oko ẹrú Bábílónì dé ni Sekaráyà ń bá sọ̀rọ̀. Ilé ti wó, odi ìlú ti ya lulẹ̀, wọ́n ṣì ń kọ́ tẹ́ḿpìlì lọ́wọ́. Olúwa wá ṣèlérí pé Òun ń padà bọ̀ wá gbé láàrin Jerúsálẹ́mù. Kí ni wọn yóò fi mọ̀ pé Ó ti dé? Bí ó bá jẹ́ àwa ni, a ó ní kí a rí owó, tàbí kí a rí ọmọ ogun tó pọ̀ lẹ́nu bodè. Wòlíì kò mẹ́nu kan ọ̀kankan nínú wọn ní ẹsẹ 4 àti 5. Ohun méjì ló sọ. Àwọn arúgbó, bàbá àti ìyá, yóò pẹ́ láyé débi pé ọ̀pá ni wọn yóò máa tẹ̀, wọn yóò sì rí ìta jókòó sí ní àlàáfíà. Àwọn ọmọdé yóò sì kún àdúgbò, wọn yóò máa ṣeré. Eré ni ó pè é o. Kò ní wọ́n ń kàwé, bẹ́ẹ̀ ni kò ní wọ́n ń kiri ọjà. Kò sì pa àwọn ọmọbìnrin mọ́ sábẹ́ orúkọ ọmọkùnrin; ó dárúkọ wọn lọ́tọ̀.

Ibi tí Ọlọ́run bá ń gbé, ọmọ á ráyè ṣeré níbẹ̀. Òun ni mo fẹ́ kí a fi wo ilé wa àti ilé-ìwé wa.

Mo fi ọdún 35 kọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kò sí àárọ̀ tí a kì í ṣe dírílì kí ọmọ tó wọ kíláàsì. Bí agogo ìsinmi bá ti lù, àwọn kan á fa súwè sílẹ̀, àwọn kan á máa ṣe tẹ́ńtẹ́n, àwọn mìíràn á ti di okùn mú. Bí ọjọ́ íńtà-háúsì bá kò, àwọn ìyá á ti ọjà dé, wọn á so ìborùn mọ́dìí, wọn á máa pe orúkọ ọmọ wọn bí ẹni ń kígbe olè. Kí n tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ọmọ ọdún 7 á kúrò nílé ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, á jókòó títí di agogo méjì ọ̀sán, á tún jókòó ti lẹ́sìnnì tí a ń sanwó fún títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yìn ọkọ̀ tàbí ẹ̀yìn ọ̀kadà ni yóò jókòó sí dé ilé. Iṣẹ́ àmúrelé ń dúró dè é. Bí ó bá parí ìyẹn, tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù ìyá rẹ̀. Sátidé, lẹ́sìnnì. Bí Ọjọ́ Ìsinmi bá dé, ó tún di ilé Ọlọ́run, a ó tún ní, "Jókòó jẹ́ẹ́!" Ìgbà wo gan-an ni ọmọ yẹn ń lo ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run fún un?

Ẹ̀kọ́ ìdárayá wà lórí tímtébù, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìdánwò bá ti ń súnmọ́lé, ìṣirò ni a fi ń jẹ àkókò rẹ̀. Àwọn ilé-ìwé kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ ilé alájà méjì lásán, ibi tí ó yẹ kó jẹ́ pápá, ọkọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé ló wà níbẹ̀. Nínú àwọn tó ni irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, a rí ọmọ ẹgbẹ́ wa. Ẹ má bínú sí mi. Bí a kò bá lè sọ ọ́ láàrin ara wa, ta ni yóò bá wa sọ ọ́?

Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ti sọ ọ́ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2020 pé ọmọ ọdún 5 sí 17 gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́ tí yóò fi lo ara rẹ̀ débi tí àyà rẹ̀ yóò fi máa lù kìkì. Wọ́n ní ó kéré tán ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀, kí eré náà le dáadáa, kí ó jẹ́ irú èyí tó ń mú iṣan àti egungun lágbára: sísáré, fífò, gígun nǹkan. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ káàkiri ayé títí di 2016, nínú ọmọ ilé-ìwé 100 tó wà ní ọdún 11 sí 17, 81 ni kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Nínú ọmọkùnrin 100, ó tó 78. Nínú ọmọbìnrin 100, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 85. Ẹ wò ó pé àwọn ọmọbìnrin tí wòlíì dárúkọ lọ́tọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà burú fún jù.

Mo mọ ìdí rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí ọmú ọmọbìnrin bá ti ń yọ, tó bá sì bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, a ó ní, "Ìwọ ti dàgbà, yé sáré kiri bí ọkùnrin." Ta ló sọ fún wa pé nǹkan oṣù ń sé obìnrin mọ́lé? Bí ó bá jẹ́ ìhòòhò ni a ń bẹ̀rù, ẹ rán ṣòkòtò gígùn fún un kó fi sáré. Egungun tí obìnrin yóò fi rìn lálẹ́ ayé rẹ̀, ìgbà èwe ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jọ, eré àti oúnjẹ sì wà lára ohun tí ń kó o jọ. Àwa tí orúnkún ń dùn báyìí, tí a ń di àga mú kí a tó dìde láti kọrin, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìyá arúgbó tó ń tẹ̀ ọ̀pá ní ẹsẹ 4 àti ọmọbìnrin tó ń ṣeré ní ẹsẹ 5, ẹnì kan náà ni wọ́n, ọdún ló pín wọn níyà.

Ẹ wo Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ní July 24, 2022, ní Eugene ní Amẹ́ríkà, ó fo igi 10 nínú eré 100 mítà láàrin ìṣẹ́jú-àáyá 12.12. Kò tíì sí obìnrin kankan láyé tó sáré tó bẹ́ẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà. Olùkọ́ ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún àwọn oníròyìn pé bàbá òun kò kọ́kọ́ fẹ́ kí òun máa sáré, pé ìyá òun ló dúró ti òun. Kì í ṣe gbogbo ọmọ wa ni yóò gba àmì ẹ̀yẹ, a kò sì nílò rẹ̀. Ìyá tó dúró ti ọmọ ni mo ń tọ́ka sí.

Ẹnì kan yóò ní, "Ìyá, ṣé Pọ́ọ̀lù kò sọ pé eré ìdárayá kò ní èrè?" Ẹ tún un kà. Ó ní èrè rẹ̀ kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwà-bí-Ọlọ́run. Kò ní kò ní èrè. Ìyá ọlọ́jà wo nínú wa ló ń da èrè díẹ̀ nù nítorí pé èrè ńlá ń bọ̀? Àwa a máa so méjèèjì mọ́ ìdí aṣọ ni.

Ẹlòmíràn tó mọ ìtàn ìjọ wa yóò sọ pé John Wesley gan-an kò gba eré láyè nínú ilé-ìwé tó ṣí ní Kingswood ní 1748. Òótọ́ ni. Ó rò pé ẹni tó bá ṣeré ní kékeré, eré ni yóò máa ṣe títí ayé. Níbẹ̀ yẹn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, èmi kò bá bàbá wa lọ. Sekaráyà ni mo bá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìyókù. Wesley yìí kan náà, nígbà tó wà ní ọmọ ilé-ìwé ní Charterhouse ní Lọ́ńdọ̀nù, bàbá rẹ̀ ní kí ó máa sáré yí ọgbà po lẹ́ẹ̀mẹta ní òròòwúrọ̀, ó sì ń ṣe é. Ní 1747 ó tẹ ìwé ìwòsàn jáde fún àwọn mẹ̀kúnnù, ó ní ìrìn ẹsẹ̀ ló dára jù fún ẹni tí ara rẹ̀ bá gbà á. Nígbà tó darúgbó tí ara rẹ̀ ṣì le, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì ka lílo ara mọ́ ohun tí Ọlọ́run fi pa òun mọ́. Ẹni ọdún 87 ni nígbà tó kú ní 1791.

Ó yẹ kí n sọ èyí kí a má baà ṣìnà. Ọmọ tó ti pọn omi garawa mẹ́fà, tó sì ti kiri ẹ̀kọ kí ó tó dé ilé-ìwé, ẹ má ṣe lé e yí pápá po. Ara rẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Oúnjẹ àti oorun ni kí ẹ bi í léèrè. Làálàá kì í ṣe eré. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ jẹ́ SS, tàbí tí ikọ́ fée ń dà á láàmú, kí ó sọ fún olùkọ́, kí ó sì bi dókítà bí eré ọmọ náà ṣe gbọ́dọ̀ mọ. Ọmọ SS gbọ́dọ̀ máa mu omi dáadáa, kí ó máa sinmi bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ má tìtorí ìtìjú pa á mọ́.

Ti oúnjẹ ńkọ́? Dáníẹ́lì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n ní Bábílónì, ẹ ka orí kìíní ìwé rẹ̀. Ẹ̀fọ́ àti omi ni wọ́n tọrọ, fún ọjọ́ 10, ara wọn sì jọ̀lọ̀ ju ti àwọn tó ń jẹ oúnjẹ ọba. Àwa ń kọ́? Bisikíìtì àti mínírà ni a ń dì sínú báàgì. Agolo mínírà kékeré kan, ṣúgà inú rẹ̀ lè tó ṣíbí tíì 8. Bí ìyá kan bá bu ṣúgà ṣíbí 8 sínú ife tíì ọmọ rẹ̀ lójú wa, a ó pariwo lé e lórí! Ní 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fi owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan irú ohun mímu bẹ́ẹ̀ nítorí àìsàn ìtọ̀ ṣúgà àti ìsanra. Mọ́ínmọ́ín wà. Àkàrà àti ẹ̀kọ wà. Ọsàn, ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà wà, àgbálùmọ̀ náà bí àsìkò rẹ̀ bá dé. Omi inú ìgò kò gbówó lórí. Ó kù díẹ̀ káàtó pé lọ́jọ́ àjọ̀dún àwọn ọmọdé, ẹgbẹ́ wa gan-an ló ń pín súìtì àti mínírà.

Ẹ rántí Hánà. Sámúẹ́lì ti wà ní ilé Olúwa, síbẹ̀ ọdọọdún ni ìyá rẹ̀ ń dá aṣọ kékeré lọ fún un. Ẹni tó ń dá aṣọ fún ọmọ lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ mọ bí apá rẹ̀ ti gùn tó, àti bí àyà rẹ̀ ti fẹ̀ sí i. Ó fi ọmọ fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò lára ọmọ náà.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta. Bí ẹ bá lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́, kí ẹ tó béèrè ipò kejì tàbí ìkẹta, ẹ bi ọ̀gá ilé-ìwé pé, "Àkókò wo ni àwọn ọmọ wa ń ṣeré, níbo sì ni?" Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-ìwé, ẹ gbé ọkọ̀ kúrò ní àyè yẹn, kí ẹ sì fi ẹ̀kọ́ ìdárayá sílẹ̀ fún ìdárayá. Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa: ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ṣófo ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ẹ jẹ́ kí a gba àyè lọ́wọ́ àlùfáà wa, kí a ra okùn fífò àti bọ́ọ̀lù méjì, kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin inú ẹgbẹ́ máa ṣe kòkárí, kí omi tútù wà nílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tí agbára ṣì wà lẹ́sẹ̀ yín, ẹ wọ bàtà kánfáàsì wá kí ẹ bá wọn fò. Àwa tí a kò lè fò mọ́, ẹ to àga sábẹ́ igi fún wa. Èmi yóò mú ọ̀pá mi dání.