Ojú Omi Vridi

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ta ni ó yẹ kí a yìn bí a bá ń ṣe ìrántí ojú omi Vridi ní Abidjan? Ní ọdún 1950 ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ já, tí ọkọ̀ òkun fi ń wọ ọ̀sà Ebrié. Iṣẹ́ ribiribi ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n omi iyọ̀ bá a wọlé tọ àwọn Ebrié apẹja. Omi odò Comoé sì yà síbẹ̀, títí yanrìn fi dí ẹnu rẹ̀ àtijọ́ ní Grand-Bassam. Ìrántí tí ó dárúkọ ẹnjiníà, tí ó fo apẹja, kò tọ́ létí ọmọdé. Bí ẹ bá mú wọn lọ wo ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ yà ní Locodjro, kí àgbà kan ka orúkọ ẹja ọ̀sà fún wọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.