Pele àti Àwọn Tó Wá Wò Ó

Òkè Kilauea ní erékùṣù Hawaii kò ga tó Mauna Loa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló máa ń yọ iná jù, òun sì ni èrò ń wọ́ lọ wò. Láti ọdún 1916 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fi orí òkè méjèèjì ṣe ọgbà. Ẹni tó bá sanwó ẹnu ọ̀nà lè rin inú ihò gbọọrọ tí òkúta yíyọ́ ṣàn gbà kọjá láyé àtijọ́, ó sì lè wo Halemaumau, kòtò ńlá tó wà lórí Kilauea. Lójú àwọn ọmọ onílẹ̀, Halemaumau ni ilé Pele, òrìṣà iná, tó ń jẹ ilẹ̀ run tó sì ń dá òmíràn. Àwọn ìdílé kan tilẹ̀ gbà pé àtọmọdọ́mọ rẹ̀ làwọn. Ṣé ó wá tọ́ kí ilé òrìṣà ẹnìkan jẹ́ ibi ìgbafẹ́ ẹlòmíràn?

Ìdáhùn tó yá jù ni pé kò sí Pele rárá. Ọ̀nà tí Kapiolani gbà nìyẹn ní 1824. Ìjòyè obìnrin ni, ó sì ti gba ẹ̀sìn Kristi. Nígbà náà, èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni jẹ èso ohelo lórí òkè náà láìkọ́kọ́ fún Pele nínú rẹ̀. Kapiolani já a, ó jẹ ẹ́, ó ju òkúta sínú kòtò, ó gbàdúrà sí Ọlọ́run rẹ̀, ó sì padà sílé láìfarapa. Àwọn míṣọ́nnárì ròyìn rẹ̀ títí. Ṣùgbọ́n ohun tó fi hàn kò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe rò: kò ju pé Pele kì í fi dandan pa ẹni tó bá rú èèwọ̀. Ẹni tó ka òkè sí ìyá rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ torí ìbẹ̀rù ikú nìkan.

Ẹ̀rí ìhà kejì náà kò lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1881, òkúta yíyọ́ láti Mauna Loa ń ṣàn bọ̀ wá sí ìlú Hilo. Ọmọ ọba Ruth Keelikolani lọ bẹ Pele, ó rúbọ, iná sì dúró kó tó wọ̀lú. Àwọn Kristẹni Hilo náà ń gbàdúrà lásìkò kan náà, nítorí náà ìjà ẹni tó ni ọpẹ́ kò tán. Nígbà tí ìṣàn òkúta yíyọ́ mìíràn ń bọ̀ ní December 1935, ọkọ̀ òfuurufú ológun ju bọ́ǹbù lù ú, Thomas Jaggar, onímọ̀ nípa òkè oníná, ló dá a lábàá. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìṣàn náà dáwọ́ dúró. Jaggar ní bọ́ǹbù ló ṣe é; àwọn onímọ̀ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò gbà. Orí ìpìlẹ̀ kan náà ni ọmọ ọba àti onímọ̀ yìí dúró sí: mo ṣe báyìí, iná sì kú.

Ìtàn àti ìmọ̀ kì í sì í tako ara wọn níbi gbogbo. Ìtàn ní erékùṣù Kauai ni Pele ti kọ́kọ́ wá ibùgbé, kó tó máa ṣí láti erékùṣù dé erékùṣù títí ó fi dé Kilauea. Àwọn onímọ̀ náà ní Kauai ti pẹ́ láyé ju Hawaii lọ, torí pé ilẹ̀ abẹ́ òkun tó gbé wọn ń rọra sún kúrò lórí orísun iná kan náà. Àlàyé yìí sọ bí iná ṣe dé ibẹ̀. Kò sọ ọ̀wọ̀ tó yẹ ẹ́.

Àwọn àlejò pàápàá kò dúró sójú kan. Àwọn kan á kó òkúta lọ sílé. Bí àjálù bá dé, wọ́n á fi ránṣẹ́ padà pẹ̀lú lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Ègún tí wọ́n ń sá fún yìí kì í ṣe àṣà àtijọ́ Hawaii, ní ọ̀rúndún 20 ló gbòde. Pele tí àlejò dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ wá le ju ti onílẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, àlejò tó wá wòran kọ́ ni ìṣòro tó tóbi jù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ ní agbègbè Puna láti fi ooru abẹ́ ilẹ̀ ṣe iná mànàmáná, àwọn olùsìn Pele ní ara rẹ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́ dá lu. Ní 1987, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní Hawaii kò dá wọn láre, torí pé kò sí ẹ̀rí pé wọ́n ń jọ́sìn lójú ibi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́. Irú òfin bẹ́ẹ̀ rọrùn fún ẹ̀sìn tó ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Kò rí ibi fi ẹ̀sìn tí òrìṣà rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ sí. Ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń fi ooru abẹ́ ilẹ̀ ṣe iná mànàmáná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Puna ní 1993. Ní 2018, òkúta yíyọ́ run ilé tó lé ní 700 ní agbègbè náà, ó sì bo díẹ̀ nínú kànga ilé-iṣẹ́ ọ̀hún mọ́lẹ̀. Kí 2020 tó parí, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́.