Ẹ̀wù Kékeré Tí Hánà Ń Rán

Ọjọ́ 18, Oṣù Kejìlá
Bíbélì kíkà: 1 Sámúẹ́lì 2:18–21, Lúùkù 2:22–24

Ọdọọdún ni Hánà máa ń rán ẹ̀wù fún Sámúẹ́lì ọmọ rẹ̀. Bí òun àti Elkana ọkọ rẹ̀ bá ti ń gòkè lọ sí Ṣílò láti rú ẹbọ ọdún, ẹ̀wù náà ni yóò gbé dání fún ọmọ tó ti yọ̀ǹda fún Olúwa, tó ń gbé lọ́dọ̀ Élì àlùfáà. Nígbà tó kọ́kọ́ mú ọmọ náà lọ síbẹ̀, màlúù, ìyẹ̀fun àti wáìnì ni wọ́n kó dání. Ẹbọ ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, ohun kan ṣoṣo ni Bíbélì dárúkọ pé ìyá gbé wá fún ọmọ, ẹ̀wù kékeré.

Ẹ jẹ́ ká ro iṣẹ́ tó wà nínú ẹ̀wù yẹn. Láti ọdún dé ọdún ni Hánà fi ń wà láìfojú kan ọmọ rẹ̀. Kò sí fọ́tò tí wọn yóò fi ránṣẹ́ sí i nílé rẹ̀ ní Rámà, kò sì sí ẹni tí yóò fi téèpù wọn èjìká ọmọ náà fún un. Ńṣe ni yóò jókòó, tí yóò máa rò ó pé: ibi báyìí ló ga dé léṣìí, apá rẹ̀ á ti gùn sí i, àbí ó ti sanra? Kí abẹ́rẹ́ tó wọ aṣọ, ọmọ náà ti gba inú ọkàn rẹ̀ kọjá lọ́pọ̀ ìgbà. Mo gbà pé ìrònú yìí gan-an ni ẹ̀bùn náà. Aṣọ ló kàn gbé e dé Ṣílò.

Àwọn ìyá Ìbèṣè wa níbí, ní agbègbè Ìkòròdú, mọ irú ìrònú yìí. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì, tí iná àwọn aránṣọ kì í kú bọ̀rọ̀, ẹ ó gbọ́ ohùn wọn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi àyè sílẹ̀ nídìí rẹ̀ o, ọmọ yìí ń ga.” Aránṣọ tó mọṣẹ́ á ká etí aṣọ náà sínú, kí wọ́n lè tú u sílẹ̀ tí ọdún míì bá dé.

Ṣùgbọ́n dípò irú ìrònú bẹ́ẹ̀, owó ló ń dà wá láàmú lásìkò Kérésì. Nínú oṣù Keje ọdún 2024 ni owó oṣù tó kéré jù lọ nílẹ̀ yìí di ₦70,000. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, ìjọba Èkó kéde ₦85,000 fún òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, àpò ìrẹsì kan ti ju ₦70,000 lọ lọ́jà. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìbèṣè sọdá ọ̀sà lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ mọ ohun tó ń kù lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn owó ọkọ̀. Apẹja mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń wa yanrìn náà mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, tí Kérésì bá ti dé, ojú a máa tì wá láti ṣe ìwọ̀nba. A rí hámpà tí ẹnì kan gbé lọ fún àna rẹ̀, àwa náà fẹ́ gbé tiwa. Àwọn míì á lọ yá owó lórí fóònù, lọ́dọ̀ àwọn áàpù tó jẹ́ pé tí ọjọ́ bá pé tí owó kò wọlé, wọn á máa fi ọ̀rọ̀ ìtìjú ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù oníbàárà wọn. Ìwà náà le débi pé lọ́dún 2022, àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà ṣe ìlànà fún wọn. Ẹ rò ó wò: àna tó gba hámpà lọ́jọ́ Kérésì lè gba ọ̀rọ̀ ìtìjú nínú oṣù Kejì, torí nọ́ńbà tirẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Nínú ilé ìjọsìn wa, wúrà, tùràrí àti òjíá tí àwọn amòye gbé wá la sábà máa ń wàásù lé lórí lóṣù yìí. Àwọn ẹyẹ méjì inú Lúùkù orí kejì kì í fi bẹ́ẹ̀ rí oníwàásù. Òfin Mósè ní kí obìnrin tó bímọ mú ọ̀dọ́ àgùntàn kan àti ẹyẹ kan wá. Bí apá rẹ̀ kò bá ká àgùntàn, kó mú àdàbà méjì tàbí ọmọ ẹyẹlé méjì (Léfítíkù 12:8). Ẹbọ ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ kò tó yìí ni Jósẹ́fù àti Màríà rú ní Jerúsálẹ́mù. A kò kà á níbì kankan pé wọ́n lọ yá owó àgùntàn. Wọn kò sì fi Ọmọ náà pamọ́ sílé títí tí owó yóò fi dé. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ti fi àyè tálákà sílẹ̀ nínú òfin, inú irú ilé bẹ́ẹ̀ náà ló sì ti yàn kí Ọmọ rẹ̀ dàgbà. Àwọn àgbà wa náà sọ ọ́: ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ wo obìnrin kan tó ń yan ẹja tà létí ọ̀sà. Ìyá rẹ̀ ti darúgbó, eyín kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Tí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, á ya ọ̀bọ̀kún bíi mélòó kan sọ́tọ̀ nínú ọjà rẹ̀, á yan wọ́n gbẹ, á fara balẹ̀ ṣa egungun wọn kúrò ní ẹyọ ẹyọ, á wá gún wọn pọ̀ mọ́ edé títí tó fi kúnná. Agolo mílíìkì tó ti fọ̀ tó sì ti sá sóòrùn ló ń rọ ọ́ sí. Á dé e pa, á fi láílọ́ọ̀nù wé e, á fi rán awakọ̀ ní gàráàjì Ìkòròdú. Kò sí ilé ìtajà tó ń ta irú ẹ̀bùn yẹn, nítorí kò sí ilé ìtajà tó mọ ẹnu ìyá rẹ̀.

Bàbá kan wà ládùúgbò rẹ tí rédíò rẹ̀ ti dákẹ́ láti oṣù Kẹsàn-án nítorí òkúta méjì péré. Opó kan wà tó jẹ́ pé ẹni tí yóò bá a pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù lọ́jọ́ ọdún ló ń wá, kì í ṣe aṣọ. Àwọn Mùsùlùmí tá a jọ ń gbé gbé ẹran Iléyá wá fún wa. Kí abọ́ wọn má ṣe padà lófìfo lọ́jọ́ Kérésì, ìbáà jẹ́ ìrẹsì ṣíbí mẹ́rin. Ẹ̀yin tí ẹ sì lọ́mọ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi owó ọdún ni wọ́n lára. Iná ń jó àwọn náà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó bá alájọ sọ̀rọ̀ látoṣù Kíní, kó máa dá a díẹ̀díẹ̀.

Àdúrà: Olúwa, ìwọ tó gba ẹyẹ méjì lọ́wọ́ Màríà, gba ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ mi. Mú ìtìjú àti ṣe-ká-rí-mi kúrò lọ́kàn mi. La ojú mi kí n rí àwọn tó wà nítòsí mi. Lórúkọ Jésù. Àmín.

Iṣẹ́ òní: Mú ìwé àti bírò. Kọ orúkọ àwọn tí o fẹ́ fún lẹ́bùn lọ́dún yìí, kí o sì kọ ohun tí o mọ̀ pé ó kù díẹ̀ káàtó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan síwájú orúkọ rẹ̀. Má tíì kọ iye owó kankan. Bí o bá dé orúkọ ẹnì kan tí o kò sì rí nǹkan kan kọ, dìde, kí o lọ kí i lónìí.